Wọ́n ní kí ọmọ mi má jẹ ẹ̀pà àti ẹ̀wà mọ́ torí kókó ọmú, ṣé òótọ́ ni?

ÌyáDámi (Iléṣà)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Iléṣà níbí àti ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, ló wẹ̀ tán lọ́jọ́ kan tó pè mí wọ yàrá pé màámi ẹ wá fọwọ́ kan ibí yìí. Mo fọwọ́ kàn án, kókó ni, nínú ọmú òsì, ó le bí ọmọ ayò, tí mo bá fìka tì í á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò dùn ún rárá. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, a ti wà ní ọsibítù, dókítà fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ká ṣe síkáànù, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ sí lábù. Ọlọ́run ṣeun, èsì jáde, wọ́n ní fibroadenoma ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 2, wọ́n ní ká fi sílẹ̀ ká padà wá ṣe síkáànù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ilé ni wàhálà ti wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àǹtí Ńlá là ń pè wọ́n, àwọn ló tọ́ ọkọ mi dàgbà, gbogbo wa là ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n wá kí wa, wọ́n ní oúnjẹ ló fà á. Wọ́n ní ẹ̀pà tí Dámi ń jẹ láti kékeré ló lọ dì sí i lọ́mú, pé òróró inú ẹ̀pà ló di kókó, pé ẹ̀wà náà máa ń wú nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń wú nínú ara. Wọ́n mú un kúnlẹ̀, ó sì ṣèlérí fún wọn pé òun ò ní jẹ ẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ọmọ tó jẹ́ pé gààrí òun ẹ̀pà ni ìpápánu ẹ̀, tó máa ń jẹ àkàrà ní gbogbo Sátidé, búrẹ́dì funfun àti indomie àti ẹlẹ́rìndòdò ló kù tó ń jẹ báyìí, ó ti ń rù. Mi ò fẹ́ tàpá sí ọ̀rọ̀ Àǹtí Ńlá, mi ò sì fẹ́ pa ebi mọ́ ọmọ mi nínú lórí ohun tí kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá mọ̀ kó sọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ́lá_Ìṣọ̀kún

Ẹ kú ìnira mà, ẹ sì kú orí ire pé èsì jáde bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe tiyín nìkan o. Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà tí tèmi yọ, wọ́n ní ẹyin tí mo jẹ nínú oyún ni. Ẹlòmíì ní omi tútù inú fíríìjì. Ẹlòmíì tún ní owó tí mo máa ń ki bọ inú kọ́mú ni torí mò ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, gbogbo wa níbẹ̀ la sì ń kowó sí kọ́mú. Gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ ni mo fi sílẹ̀, mo gbẹ kanlẹ̀, kókó ò kúrò. Nígbà tó yá tó bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi ni dókítà yọ ọ́. Àpá tó wà níbẹ̀ báyìí ò ju èékánná ọwọ́ lọ.

Ìyá_Ìmọ̀

Ẹ ṣeun Bọ́lá. Èmi náà fẹ́ mọ̀ nípa owó inú kọ́mú yẹn torí wọ́n máa ń fi dẹ́rù bà wá gan-an, àti fóònù.

Nọ́ọ̀sìÀjíkẹ́

Ẹ káàsán o. Ọdún 22 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo ti pẹ́ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

ÌyáDámi, ẹ ṣe dáadáa, ẹ ṣe é gan-an. Ẹ fọwọ́ kàn án lónìí, ẹ gbé e lọ lọ́la, ẹ ṣe síkáànù, ẹ ṣe ti lábù. Ohun mẹ́ta yẹn, ọwọ́ dókítà, àwòrán, àti èyí tí wọ́n bù lọ sí lábù, ló ń sọ ohun tí kókó jẹ́. Kò sí ìyá tó lè fi ọwọ́ lásán mọ̀ ọ́n, èmi pàápàá ò lè fi ọwọ́ lásán mọ̀ ọ́n.

Owó inú kọ́mú ò fa kókó. Fóònù ò fa kókó. Kọ́mú dúdú ò fa kókó. Owó ìdọ̀tí lè jẹ́ kí ara máa yún yín, ìyẹn yàtọ̀.

Inú ọmú obìnrin, àwọn àpò kéékèèké wà níbẹ̀ tí wàrà ti ń wá, àwọn ojú ọ̀nà wà tí wàrà ń gbà dé orí ọmú, àwọn fọ́nrán àti ọ̀rá sì gbé gbogbo ẹ̀ dúró. Hómónù tó ń mú wa ṣe nǹkan oṣù náà ló ń pàṣẹ fún un, á wú, á tún rọ̀, lóṣooṣù. Fibroadenoma, ibì kan níbẹ̀ ló gbọ́ àṣẹ yẹn ní àgbọ́jù, ó dàgbà kọjá àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àárín ọdún 15 sí 35 ló pọ̀ sí jù, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Inú oyún ó lè tóbi sí i. Tí obìnrin bá ti dẹ́kun nǹkan oṣù, ó sábà máa ń sún kì. Òróró ẹ̀pà kọ́ ló lọ dì síbẹ̀, oúnjẹ tá a bá jẹ ti dà nínú ikùn kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sí ọ̀nà tí ẹ̀pà fi máa ti ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ọmú kó lọ jókòó síbẹ̀.

Kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ pọ̀ ní oríṣi o. Èyí tó jẹ́ àpò omi wà, ó máa ń bá àwọn tó ti lé ní 35 títí dé 50, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa omi ẹ̀, á sì fọ́. Ti ọmú tó máa ń wú, tó rí gbágungbàgun, tó ń dùn tí nǹkan oṣù bá kù díẹ̀ tún wà. Àwọn yìí kì í sábà di nǹkan burúkú. Èyí tó yẹ ká ṣọ́ ni èyí tí lábù bá kọ atypical hyperplasia sí ìwé ẹ̀, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti pọ̀ jù, wọn ò sì rí bó ṣe yẹ kí wọ́n rí, ìyẹn náà kì í ṣe jẹjẹrẹ ṣùgbọ́n ewu jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú fún ẹni tó ní in tó nǹkan bí ìlọ́po 4 ti ẹlòmíì. Nítorí náà ẹ fi ìwé èsì pamọ́ dáadáa. Mo ti rí àwọn tó lo ìwé èsì láti fi wé nǹkan, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ a ò mọ ohun tí wọ́n yọ lára wọn mọ́.

Àyànfẹ́_Ifẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wa. Mò ń ka ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ní Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára torí ẹ̀pà àti ẹ̀wà tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu àbúrò mi yìí, ibi tí ìwádìí wà lórí ẹ̀, òdì kejì ohun tí Àǹtí Ńlá sọ ló sọ.

Àwọn oníwàádìí kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin jọ, ọmọ àwọn nọ́ọ̀sì ni àwọn ọmọ yẹn, Growing Up Today Study ni orúkọ iṣẹ́ náà. Láti 1996 dé 2001 wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n ń jẹ, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Wọn ò dúró dìgbà tí wọ́n dàgbà kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa rántí, ìyẹn ṣe pàtàkì torí ta ló rántí ohun tó jẹ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Láti 2005 dé 2010, tí wọ́n ti di ẹni ọdún 18 sí 30, wọ́n tún béèrè ta ni dókítà ti rí kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lọ́mú ẹ̀, tí lábù sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin 9,039 ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n gbé e jáde ní 2013. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà, tàbí ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n fi ń pa búrẹ́dì, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kókó yìí fi nǹkan bí ìdá 39 nínú 100 ṣọ̀wọ́n láàárín wọn ju àwọn tí kì í jẹ ẹ̀ rárá lọ. Ẹ̀wà, ẹ̀wà sóyà àti àgbàdo náà tọ́ka síbì kan náà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á mo dìde lórí àga. Ẹ̀wà àti àgbàdo! Àdàlú tí màmá mi ń sè fún wa láti kékeré nìyẹn, a ò sì kà á sí nǹkan kan.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn, àwọn tó jẹ oúnjẹ tí fáíbà pọ̀ nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ̀fọ́, èso, ọkà tí wọn ò bó, àwọn oríṣi kókó tó lè mú ewu jẹjẹrẹ pọ̀ sí i lọ́jọ́ iwájú ṣọ̀wọ́n láàárín wọn.

Alẹ́pà_Lágèrè

Ọlọ́run ó bù kún ẹ ọmọ mi Àyànfẹ́. Ẹ̀pà ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, yíyan àti sísè ni mo ń tà, bí wọ́n bá ní ẹ̀pà ń pa èèyàn ó máa ń dùn mí wọra. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un, ẹ máa ṣa ẹ̀pà yín. Èyí tó bá ti hu funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, tàbí tó korò lẹ́nu, ẹ má fi pamọ́ pé ẹ fẹ́ lọ̀ ọ́ mọ́ kúlíkúlí, ẹ dà á nù. Wọ́n ti kọ́ wa ní ẹgbẹ́ wa pé oró tó wà nínú ẹ̀pà tó ti hu yẹn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bí ẹ sì sè é bí ẹ yan án kì í kúrò tán.

Ayọ̀_Òkè_Èṣẹ̀

A jẹ́ pé kí ÌyáDámi máa fún un ní ẹ̀pà kọ́ọ̀bù kan láràárọ̀ kí kókó yẹn fi yọ́ nìyẹn? Ó yẹ kí n sọ fún àbúrò ìyàwó mi náà torí ó ní in.

Àyànfẹ́_Ifẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kò sí ẹni tó sọ pé ẹ̀pà ń yọ́ kókó tó ti wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó ń jẹ ẹ́ nígbà tí ọmú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, díẹ̀ nínú wọn ló wá ní kókó nígbà tó yá. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà sì ni, kì í ṣe ọmọ Iléṣà. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀pà nílùú yẹn lè jẹ́ ọmọ tí ilé wọn ń ṣe nǹkan mìíràn tó dáa pẹ̀lú, tó ń sá eré, tí kì í jẹ ìjẹkújẹ. Wọ́n gbìyànjú láti yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣírò wọn, ṣùgbọ́n kò lè tán pátápátá. Tèmi ni pé kò sí ìdí kankan láti mú ẹ̀pà àti ẹ̀wà kúrò lẹ́nu ọmọ, ìdí sì wà láti fi wọ́n síbẹ̀. Níbẹ̀ ni mo fi mọ.

ÌyáDámi (Iléṣà)

Ẹ ṣeun gbogbo yín, mo ń ka gbogbo ẹ̀, omi bọ́ lójú mi lánàá. Àyànfẹ́, ọmọ mi, ẹ má bínú pé mo tún ń béèrè. Dámi jẹ ẹ̀pà látìgbà tó ti ní eyín. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀pà ń dènà ẹ̀, kí ló dé tí tiẹ̀ fi yọ? Ohun tí Àǹtí Ńlá máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, mi ò sì ní èsì.

Àyànfẹ́_Ifẹ̀

Ìbéèrè gidi ni mà. Ẹni tó mú agbòòrùn dání, òjò ṣì lè pa á lẹ́sẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà yẹn náà, àwọn kan ní kókó, iye wọn ló kéré. Hómónù wà níbẹ̀, ìdílé wà níbẹ̀, ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù wà níbẹ̀, oúnjẹ kàn jẹ́ ọ̀kan láàárín wọn ni. Kì í ṣe ẹ̀bi Dámi, kì í ṣe ẹ̀bi yín, kò sí oúnjẹ kan tẹ́ ẹ fún un tẹ́ ẹ fi ṣe é níbi.

Nǹkan kan tí mo gbàgbé, ọtí. Nínú àwọn ọmọbìnrin kan náà yẹn, bí iye ọjọ́ tí ọmọ ń mutí lọ́sẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i nígbà ọ̀dọ́ ni ewu kókó yìí ń pọ̀ sí i. Mo ń sọ ọ́ torí àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń mu páráágà, tí wọ́n ní ewé àti egbò ni, pé ó ń fọ inú. Ọtí wà nínú ẹ̀.

BàbáEléwé_Ẹ̀rẹ̀jà

Mo kí gbogbo ilé. Iṣẹ́ bàbá mi ni mò ń ṣe, mi ò lòdì sí ọsibítù. Àgbo kókó wà lọ́wọ́ mi, èèyàn púpọ̀ ló ti lò ó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa mu ún fún oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì máa fi epo ra ojú ibẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó lè tú ká. Ẹ fi ìwé pè mí.

Fúnmi_Módákẹ́kẹ́

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mí. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí títẹ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, a jọ sùn lórí ẹní kan náà dàgbà, ẹni ọdún 38 ni nígbà tó rí kókó tiẹ̀. Kò dùn ún, nítorí náà ó ní kì í ṣe nǹkan burúkú, torí wọ́n ti sọ fún un pé èyí tó bá ń dunni ni ká bẹ̀rù. Ilé aláàgbo kan ló lọ, wọ́n ń fún un lágbo, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ka oúnjẹ léèwọ̀ fún un, ẹran, ẹyin, ẹ̀wà, ohun gbogbo. Oṣù mẹ́sàn-án. Gbogbo ìgbà tó bá tóbi sí i, wọ́n á ní ó jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ ni. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń sunkún pé ẹyin kan tí òun jẹ níbi ìkómọjáde ló bà á jẹ́. Nígbà tá a fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti dé abíyá, awọ ọmú ti sún jọ. Kì í ṣe fibroadenoma. A sin ín lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù ba ÌyáDámi, tiyín ti ní èsì, ó sì dáa. Mo ń sọ ọ́ torí tí mo bá ti gbọ́ "oúnjẹ ló fà á" báyìí, àyà mi á já. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jí oṣù mẹ́sàn-án gbé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

BàbáEléwé_Ẹ̀rẹ̀jà

Fúnmi, ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Láti òní lọ ẹni tó bá gbé kókó ọmú wá bá mi tí kò mú ìwé síkáànù dání, mi ò ní fọwọ́ kàn án, màá ní kó kọ́kọ́ lọ ṣe é.

Nọ́ọ̀sìÀjíkẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi títẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Fúnmi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ara fẹ́rakù.

Ohun tí Fúnmi sọ nípa ìrora yẹn, gbogbo obìnrin ló yẹ kó gbọ́. Jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láìdunni. Èyí tó ń dunni ní ọmú méjèèjì kí nǹkan oṣù tó dé, tó sì ń rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, hómónù ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ kókó tuntun, ì báà dùn kó má dùn, ẹ gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lórí ọmú, orí ọmú tó wọnú, awọ tó sún jọ bí èèpo ọsàn, kókó abíyá. Ẹ máa yẹ ara yín wò lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá parí ní bí ọjọ́ mélòó kan, nígbà yẹn ni ọmú máa ń rọ̀ jù. Fún àwọn ọmọge síkáànù ni wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n ṣe, mammogram, ìyẹn fọ́tò x-ray ọmú, kì í ríran dáadáa nínú ọmú wọn torí ó ṣì ki. Wesley Guild wà níbí ní Iléṣà, abẹ́ ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ifẹ̀ ló wà, ẹ ò ní láti lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó nítorí èyí.

Ìyá_Ìmọ̀

Nọ́ọ̀sì, tèmi ni ti ìrora yẹn. Obì ńkọ́? Mò ń jẹ obì gan-an torí iṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ní òun ló ń dá ọmú mi lóró.

Nọ́ọ̀sìÀjíkẹ́

Kaféènì wà nínú obì, bó ṣe wà nínú kọfí àti tíì. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà sọ pé òun ló ń fa kókó àti ìrora, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò dáadáa, kò dúró bẹ́ẹ̀. Obì ò fa kókó. Ti ìrora, àwọn obìnrin kan sọ pé nígbà tí wọ́n dín in kù ara tù wọ́n, ẹ lè dín in kù fún oṣù méjì kẹ́ ẹ wò ó, kò ná yín ní nǹkan kan. Kọ́mú tó gbé ọmú dúró dáadáa máa ń ranni lọ́wọ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

MàmáÒkèèsà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà látìjọ́ mi ò sọ nǹkan. ÌyáDámi, má bá ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ jà. Àgbàlagbà kì í ṣàdédé bẹ̀rù ẹ̀pà. Mú omi fún un, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bi í léèrè ibi tó ti rí i.

ÌyáDámi (Iléṣà)

Ẹ káalẹ́ o. Màmá Òkèèsà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.

Mo lọ sí ilé Àǹtí Ńlá, mo bá wọn fọ abọ́, mo bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní ìyá àwọn, ìyá tó bí ọkọ mi, ọmú ló pa wọ́n. Mo ti lo ọdún 21 nílé yìí, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé "àyà ló dun màmá". Àǹtí Ńlá ní ọmọ ọdún 14 làwọn nígbà yẹn, àwọn ni wọ́n ń fi omi gbóná nu ojú ibẹ̀, ọkọ mi ṣì ń rá. Ẹ̀pà ni ìyá wọn ń tà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ le, àwọn èèyàn ilé ní ẹ̀pà tí ìyá náà ń tọ́ wò tó bá ń yan án ló di kókó, àwọn Àǹtí Ńlá fúnra wọn ló da ẹ̀pà tó kù nílé sínú ìgbẹ́ ní òru ọjọ́ tí màmá kú. Wọn ò jẹ ẹ̀pà títí di òní. Wọ́n ní nígbà tí àwọn rí Dámi, ojú ìyá àwọn làwọn rí.

A sunkún, àwa méjèèjì.

Nọ́ọ̀sìÀjíkẹ́

Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí Àǹtí Ńlá.

ÌyáDámi, ẹ fetí sí mi dáadáa. Nígbà tí dókítà bi yín bóyá jẹjẹrẹ ọmú wà nínú ìdílé, kí lẹ sọ?

ÌyáDámi (Iléṣà)

Mo ní kò sí. Ẹbí tèmi ni mo rò. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ti ẹ̀gbẹ́ bàbá ń ká.

Nọ́ọ̀sìÀjíkẹ́

Ó ń ká, bákan náà pẹ̀lú ti ìyá. Ọmọ ń gba ara bàbá náà. Ìyá bàbá tó ní jẹjẹrẹ ọmú láìtíì darúgbó, ó yẹ kó wà nínú fáìlì Dámi. Kò yí èsì tó jáde padà o, fibroadenoma ṣì ni. Ohun tó máa yí padà ni bí wọ́n ṣe máa ṣọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú, ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, àti Àǹtí Ńlá fúnra wọn, ọmọ màmá yẹn gan-an ni wọ́n. Mélòó ni ọjọ́ orí wọn? Ṣé wọ́n ti yẹ ọmú wọn wò rí? Ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ tó lọ sọ ọ́ fún dókítà.

Àyànfẹ́_Ifẹ̀

Mo padà lọ ka ìwádìí yẹn torí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ya àwọn ọmọ tí jẹjẹrẹ ọmú wà nínú ìdílé wọn sọ́tọ̀ wò, láàárín àwọn yẹn náà, kókó ṣọ̀wọ́n sí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà àti ẹ̀wà wọ̀nyẹn. Ẹ bá mi sọ fún Àǹtí Ńlá pé ẹ̀pà kọ́ ló pa màmá wọn, àti pé wọn ò ṣe nǹkan tó burú.

ÌyáDámi (Iléṣà), lẹ́yìn oṣù mẹ́fà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo yín, mo ní kí n wá jábọ̀. A ṣe síkáànù Dámi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kókó wà bó ṣe wà, kò kúrò, kò sì tóbi. Dókítà ti kọ ọ̀rọ̀ ìyá bàbá ẹ̀ sí fáìlì, wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mìíràn. Àǹtí Ńlá, ẹni ọdún 61 ni wọ́n, èmi àti ọkọ mi la jọ mú wọn lọ, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, Dámi ló kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ṣe mammogram, kò sí nǹkan.

Láti ìgbà tá a ti dé la ti tún ń se ẹ̀wà nílé. Àdàlú lanàá. Àǹtí Ńlá wá, wọ́n jẹ ẹ̀wà, wọn ò tíì lè fẹnu kan ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n yọ ẹgbẹ̀rún kan náírà nínú kọ́mú, wọ́n fún Dámi, wọ́n ní kó fi ra ẹ̀pà, kó ṣa á dáadáa kó tó jẹ ẹ́.